Ọkùnrin Tí Àwa Méjèèjì Ń Dúró Dè

Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ sọ pé ọ̀rọ̀ mọ́tò yìí kò ní lọ geere. Ọjọ́ tí Akọ̀wé pè wá lórí fóònù pé ká wọn ọmọ, kí òun lè mọ irú àga tí wọ́n máa dè mọ́ inú mọ́tò tó máa pàdé wa ní pápákọ̀ òfurufú, Màmá já fóònù gbà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní, "Bàbá mi, kí lo fẹ́ fi ìwọ̀n ọmọ ṣe? Ṣé o fẹ́ tà á ni?" Akọ̀wé rẹ́rìn-ín. Ó ní níbi tí à ń lọ, kò sí dírẹ́bà tó máa gbé ọmọ ọwọ́ láìsí àga tirẹ̀, òfin ni. Màmá bi í pé kí ni ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ wà fún. Mo gbé ọmọ, mo gun ìwọ̀n, mo sọ ọ́ kalẹ̀, mo tún dá gun ìwọ̀n, mo yọ tèmi kúrò níbẹ̀. Kílò mẹ́jọ àti ààbọ̀. Akọ̀wé ní kí n tún un wọ̀n. Mo tún un wọ̀n, bẹ́ẹ̀ náà ni.

Àbúrò ọkọ mi ni Akọ̀wé. Wọ́n bí i kí wọ́n tó gbé mi wọlé, nítorí náà "ẹ" ni mò ń sọ sí i. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ jẹ́ kí n máa sọ "ó", nítorí ohun tí ojú mi rí. Akọ̀wé kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí mo délé ọkọ, torí pé bírò kì í kúrò lápò àyà rẹ̀. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ìyàwó kì í la orúkọ mọ́ ọmọ ilé ọkọ lórí. Èyí tó ga nínú wọn, mo sọ ọ́ di Agùntáṣọọ́lò. Èyí tí ẹ̀rín yẹ, mo sọ ọ́ di Eyínfúnjowó. Akọ̀wé di Akọ̀wé. Màmá ní tiwọn ń pè é ní Bàbá mi, torí ó jọ bàbá wọn tó ti kú bí ìmumu. Ọkọ mi ń pè é ní Àǹjọ̀nú, nítorí bó ṣe máa ń kàwé mọ́jú nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Ọdún kẹfà nìyí tí mo ti wà nílé wọn, kò sí ọjọ́ kan tí mo wá nǹkan tí mo máa pè é tí mi ò rí.

Ohun tó gbé èmi àti ọmọ jáde nílé nìyí. Inú ọkọ̀ ojú omi ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún níbi tí ẹ́ńjìnnì wà. Oyún mi ti pé oṣù méje nígbà tó lọ. Wọ́n ní oṣù mẹ́sàn-án ló máa lò. Oṣù mẹ́sàn-án pé, wọ́n ní ẹni tó yẹ kó gba ipò rẹ̀ kò wá, wọ́n tún fi ọdún kan lé e. Ọmọ ti di ọmọ oṣù mẹ́jọ, inú fóònù nìkan ni bàbá rẹ̀ ti ń rí i. A wá gbọ́ pé ọkọ̀ wọn máa já ẹrù ní èbúté kan tí kò ju bàálù kan ṣoṣo lọ sí ọ̀dọ̀ wa. Ọjọ́ kan péré ni. Títí di aago mẹ́ta ọ̀sán ni wọ́n máa gba àlejò, aago mẹ́rin ni ọkọ̀ máa ṣí. Tí a bá pàdánù rẹ̀, ọmọ yìí á ti máa sáré kiri kí bàbá rẹ̀ tó gbé e. Mo sì ti sọ fún ara mi pé ọmọ tèmi kò ní fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá bàbá rẹ̀ bí ẹni ń lọ kí àlejò.

Akọ̀wé, tó ń gbé ní òkèèrè níbòmíràn, ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu. Ó ní òun ti ṣe gbogbo ètò lórí ẹ̀rọ: mọ́tò á wà nílẹ̀ láago mọ́kànlá pẹ̀lú àga ọmọ, á gbé wa dé èbúté, á dúró dè wá, á tún gbé wa padà. "Ìyàwó wa, ẹ ṣáà máa wo ẹni tó bá gbé páálí dání. Orúkọ á wà lára rẹ̀."

Orúkọ ta ni? Mi ò bi í. Ta ló máa ń bèèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀?

Àpótí Akọ̀wé náà ni mo kó ẹrù sí, èyí tó ti gbàgbé sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá láti ọjọ́ tó ti rìnrìn àjò. Ẹsẹ̀ àpótí náà kan tó ń yí ń han bí ọmọ eku. Wọ́n so bébà kékeré kan tí wọ́n fi ike bò mọ́ ọwọ́ rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń kọ nǹkan sí kí ẹrù má baà sọnù. Ọ̀gá rí bébà yìí, ó gbé e sẹ́nu. Ọ̀gá ni mò ń pe ọmọ náà, torí kò sẹ́ni tó bí i tó lè pàṣẹ fún un. Eyín ń hù lẹ́nu rẹ̀, gbogbo ohun tó bá rí ló ń rún. Mo já a gbà lẹ́ẹ̀mẹta, ó ké lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà kẹrin mo fi í sílẹ̀. Mo rí àlàáfíà látinú bàálù títí a fi balẹ̀.

Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá la jáde sí gbọ̀ngàn tí àwọn tó wá pàdé èèyàn máa ń dúró sí. Páálí méjìlá ni mo kà. Mo wá orúkọ mi níbẹ̀, kò sí. Mo wá orúkọ bàbá ọkọ mi tí gbogbo wa ń jẹ́, kò sí. Ọ̀kan nínú wọn ni obìnrin kúkurú kan gbé dání, ó wọ gíláàsì, ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù. Wọ́n kọ "Ọ̀gbẹ́ni" sí i, orúkọ gígùn kan sì tẹ̀ lé e, orúkọ àwọn èèyàn wa pọ́nbélé. Inú mi dùn díẹ̀ pé ẹnì kan láti ọ̀dọ̀ wa náà ń bọ̀ níbí. Lẹ́yìn náà mo kọjá lára rẹ̀. Èmi kì í ṣe Ọ̀gbẹ́ni.

Mo lọ, mo bọ̀. Mo tún lọ. Ẹsẹ̀ àpótí ń han, Ọ̀gá wà lẹ́yìn mi, àwọn èèyàn ń wò mí. Nígbà tó di aago mọ́kànlá ààbọ̀, mo lọ bá ọkùnrin kan tó de táì lẹ́yìn káńtà tí wọ́n kọ "Mọ́tò Àwọn Àlejò" sí. Mo ṣàlàyé ara mi. Ó ní kí n sọ orúkọ tí wọ́n fi ṣètò mọ́tò. Mo sọ tèmi, kò sí nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Mo sọ ti ọkọ mi, kò sí.

"Ta ló bá yín ṣètò rẹ̀?"

"Àbúrò ọkọ mi."

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

Mo ti jókòó ti àbúrò ọkọ mi yìí jẹun. Mo ti rán ṣòkòtò fún un, iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe, mo mọ gígùn ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orí íǹṣì. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Ojú tì mí débi pé mo gbọ́ ara mi tí mo ń sọ pé, "Akọ̀wé."

Ó tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ. "Orúkọ tirẹ̀ ni àbí ti bàbá rẹ̀?"

"Orúkọ tí mo sọ ọ́ ni."

Ó gbójú sókè. "Ẹ̀yin lẹ sọ àbúrò ọkọ yín lórúkọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ọmọ ọdún mélòó ni?"

"Ó ti ń lọ sí ogójì."

Ọkùnrin náà rọra bi mí pé ṣé àbúrò ọkọ mi kì í jẹ́ orúkọ bàbá kan náà pẹ̀lú ọkọ mi ni. Mo ní kí ni kò ní jẹ́ kó jẹ́ ẹ, ilé kan náà ni wọ́n ti dàgbà, abọ́ kan náà ni wọ́n jọ fi jẹun. Ó ní orúkọ bàbá ọkọ mi kò sí níbẹ̀ rárá. Orí mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú. Mo ń rò ó pé àbí Akọ̀wé kò ṣètò kankan, àbí pápákọ̀ mìíràn ló ń sọ, àbí èmi ni mo sọ̀kalẹ̀ síbi tí kì í ṣe ibẹ̀.

Ó bá mi pe nọ́ńbà Akọ̀wé lẹ́ẹ̀mejì, kò sẹ́ni tó gbé e. Mo mọ̀ pé níbi iṣẹ́ Akọ̀wé, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń kó fóònù sí. Mo gbìyànjú tèmi. Síìmù mi ti kú láti ìgbà tí a ti balẹ̀. Íńtánẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní kí n sọ nọ́ńbà fóònù mi kí òun lè fi nọ́ńbà ìwọlé ránṣẹ́ sí i. Orí síìmù tó ti kú náà ló fi í ránṣẹ́ sí. Ẹni tó ti kọ́kọ́rọ́ mọ́nú yàrá kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ mi ńkọ́? Inú irin ni ọkọ mi wà nísàlẹ̀ omi, kò sí fóònù tó ń wọlé síbẹ̀.

Mo jáde lọ bá àwọn onítakisí. Èyí tó wà níwájú wo Ọ̀gá lẹ́yìn mi, ó mi orí. Kò ní àga ọmọ. Ẹnìkejì kò ní. Ẹnìkẹta ní òun ní ọ̀kan nílé. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n pọ̀n ọ́n, ẹ̀yìn mi ló ń gbé láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò já bọ́ rí. Ó ní, "Màdáámù, tí ẹ bá pọ̀n ọ́n, níbo ni ìgbànú mọ́tò máa gbà?" Mo fẹ́ bá a jà, ṣùgbọ́n òótọ́ ló ń sọ, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú.

Nígbà tí mo padà wọlé, aago méjìlá ti kọjá ogún ìṣẹ́jú. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì, mo sọ Ọ̀gá kalẹ̀ lẹ́yìn, mo fún un lóúnjẹ nínú ìgò rẹ̀. Obìnrin onígíláàsì náà wá jókòó ti mí, ó fi páálí rẹ̀ sórí itan, ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan. Ó dọ́gba pẹ̀lú àwọn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ́jọ́ orí.

"Ẹni tí mò ń dúró dè kò dé," ó ní. "Láti aago mọ́kànlá."

"Ẹni tó yẹ kó dúró dè mí náà kò wá," mo dáhùn. "Dírẹ́bà aláìníláárí kan."

"Wọ́n wà bẹ́ẹ̀. Àwọn ló ń bà wá lórúkọ jẹ́."

Mo fẹ́ràn rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó gba Ọ̀gá mọ́ra kí n lè na ẹ̀yìn. Ọ̀gá wo gíláàsì rẹ̀, ó nawọ́ sí i, kò tó o, ó tún fa bébà ara àpótí wá sẹ́nu.

"Èyí tó ń dùn mí," obìnrin náà ní, "ọmọ ọwọ́ wà pẹ̀lú ọkùnrin náà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Àgbà kan, ọmọ ọwọ́ kan. Mo ti sáré tẹ̀ lé bàbá kan tó gbé ọmọ sáyà títí dé ẹnu ọ̀nà, ó ní òun kọ́."

"Ọkùnrin nìkan, pẹ̀lú ọmọ ọwọ́? Ìyá ọmọ ńkọ́?"

"Ohun tí èmi náà ń rò nìyẹn."

A jọ káàánú ọmọ náà. Mo ní ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ti lè gbé ọmọ kalẹ̀ síbì kan kó gbàgbé rẹ̀. Mo ní ẹ ó rí i pé ibi tí wọ́n ti ń ta nǹkan mímu ló wà. Mo bú Ọ̀gbẹ́ni yìí, ẹ̀yin èèyàn mi, mo bú u débi tó dé. Mo ní ẹni tó bá lè fi odidi obìnrin dúró sórí ẹsẹ̀ láti àárọ̀ báyìí, ilé rẹ̀ lọ́hùn-ún kò lè dára. Gbogbo ìbínú tí mo ní sí dírẹ́bà tèmi ni mo dà lé e lórí. Òun náà bá mi bú dírẹ́bà mi. Ó ní irú wọn kò yẹ lẹ́ni tó ń gba ìwé ìwakọ̀. Ara tù wá díẹ̀.

Ẹ má wulẹ̀ bi mí pé ṣé mi ò ronú ni. Ẹni tí oorun, ebi àti ìbẹ̀rù bá jọ ń nà lẹ́ẹ̀kan náà, ibo ló ti fẹ́ rí ọpọlọ? Aago nìkan ni mò ń wò. Nínú ọkàn mi, mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ fún ọkọ mi pé mo gbé ọmọ rẹ̀ dé ìlú tó wà, mi ò gbé e dé ọwọ́ rẹ̀.

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago kan lù, obìnrin náà wọ bàtà rẹ̀. "Wákàtí kan ni wọ́n ní ká máa dúró," ó ní. "Mo ti dúró kọjá bẹ́ẹ̀ nítorí ọmọ náà. Mo ń lọ." Ó ká páálí rẹ̀ sí méjì. Ó fẹ́ gbé Ọ̀gá fún mi, Ọ̀gá kò fi bébà sílẹ̀, okùn rẹ̀ já. Odidi bébà náà ti wọ ẹnu rẹ̀.

"Ó máa gbé e mì," obìnrin náà ní. Ó yọ ọ́ lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni tó ti tọ́ ọmọ rí, ó fi aṣọ rẹ̀ nù ún, ó fẹ́ nà án sí mi. Lẹ́yìn náà kò nà án mọ́. Ó dáwọ́ ṣingọ́ọ̀mù jíjẹ dúró. Ó tú páálí tó ti ká, ó gbé bébà náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó wo èyí, ó wo tọ̀hún.

"Màdáámù," ó ní, ohùn rẹ̀ ti yí padà, "níbo lẹ ti rí àpótí ọkùnrin yìí?"

"Ọkùnrin wo?"

"Ọkùnrin tí mò ń dúró dè láti àárọ̀." Kò gbé ọmọ fún mi mọ́. Ó tilẹ̀ tún dì í mú dáadáa. "Ọmọ ta sì ni èyí?"

Ìdààmú bá mi. Mo ní ọmọ mi ni, àpótí Akọ̀wé ni. Ó ní ta ni Akọ̀wé. Mo ní àbúrò ọkọ mi ni. Ó ní kí lorúkọ Akọ̀wé. Mo ní mi ò mọ̀. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mo ń gbọ́ bó ṣe rí létí ẹlòmíràn. Mo na ọrùn wo bébà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ gígùn tó wà lórí páálí ló wà níbẹ̀, bírò ni wọ́n fi kọ ọ́, lẹ́tà kéékèèké tó tò lẹ́sẹẹsẹ. Ọwọ́ ìkọ̀wé Akọ̀wé ni. Àdírẹ́sì ilé Màmá ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Odidi Ọ̀gbẹ́ni tí mo ti ń bú láti bí ìdajì wákàtí, àbúrò ọkọ mi ni.

"Òun ló ṣètò mọ́tò," mo ní. "Orúkọ ara rẹ̀ ló fi sí i. Èmi ni ẹ̀ ń dúró dè."

Kò gbà. Èmi náà kì bá tí gbà. Ó fi ọwọ́ kan di Ọ̀gá mú, ó fi èkejì yẹ fóònù rẹ̀ wò fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó wò mí lójú.

"Kílò mélòó lọmọ yìí?"

"Mẹ́jọ àti ààbọ̀," mo ní, mi ò tilẹ̀ mí. "A wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì."

Ó yí ojú fóònù sí mi. Mẹ́jọ àti ààbọ̀ ló wà níbẹ̀, lábẹ́ orúkọ Ọ̀gbẹ́ni. Kò bẹ̀ mí, èmi náà kò bẹ̀ ẹ́. Ó gbé ọmọ fún mi, ó gbá àpótí mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Mo tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àga náà. Wọ́n kọ ojú rẹ̀ sẹ́yìn mọ́tò bí ọmọ tí wọ́n ń fìyà jẹ. Mo ní wọ́n gbé e sódì. Dírẹ́bà ní bó ṣe ń wà nìyẹn. Ìgbànú mẹ́ta ló wá látòkè àti ìsàlẹ̀, mi ò mọ èyí tó ń wọ inú èwo. Mo ti apá Ọ̀gá bọ ibi tó yẹ kí ẹsẹ̀ gbà. Ọ̀gá, tí kò tíì rí ìgbà tí wọ́n dè é mọ́ nǹkan láyé rẹ̀, figbe ta. Dírẹ́bà wá tú gbogbo rẹ̀, ó tún un dè, ọwọ́ rẹ̀ yá. Mo jókòó ti ọmọ, mo ní kí n kúkú yọ ọ́ kí n gbé e lẹ́sẹ̀ díẹ̀, ẹkún yìí pọ̀. Dírẹ́bà ní tí mo bá yọ ọ́, òun máa dúró. Mo wo aago. Aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo fi ìka mi sẹ́nu Ọ̀gá kó máa rún un. Ó rún un dé èbúté.

Ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́ tí a dé, ti ọkọ̀ akẹ́rù ni. Wọ́n ní ká yípo. A yípo. Nígbà tí a dé ti àwọn èèyàn, aago méjì ti kọjá ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Ẹ̀ṣọ́ kan jókòó sínú yàrá onídígí pẹ̀lú ìwé gbàràmù kan níwájú rẹ̀. Ó ní ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé náà kò lè wọlé.

Ó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ọkọ mi kò pe orúkọ mi létí mi rí. "Tèmi" ló ń pè mí kí n tó bímọ, nísinsìnyí mo ti di "Ìyá Ọ̀gá". Lẹ́yìn ohun tí mo ti rí láti àárọ̀, mo ti gbà pé kò sẹ́nì kankan nínú ìdílé yẹn tó mọ orúkọ ẹnì kejì. Mo rò pé "Ìyàwó mi àti ọmọ mi" ni ọkọ mi máa kọ síbẹ̀, wọ́n á sì lé wa padà. Mo sọ fún ẹ̀ṣọ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo 'Ìyàwó' níbẹ̀."

"Ìwé ìrìnnà yín," ó ní.

Mo fún un. Ó fi ìka tọ ìlà nínú ìwé rẹ̀, ó ń lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó dúró. Ó yí ìwé náà sí mi pé kí n fọwọ́ sí i.

Orúkọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà níbẹ̀. Èyí tí gbogbo ayé mọ̀, èyí tí mo jẹ́ ní ilé ìwé, àti ẹ̀kẹta. Bàbá mi nìkan ló ń pe ẹ̀kẹta yẹn, ó sì ti kú kí n tó mọ ọkọ mi. Mi ò sọ ọ́ fún un rí. Ó ní láti jẹ́ pé ọjọ́ tó ń bá mi ṣe ìwé ìrìnnà ló rí i. Ṣùgbọ́n lẹ́tà lásán ló wà nínú ìwé ìrìnnà. Èyí tí ọkọ mi kọ síbí, ó fi gbogbo àmì rẹ̀ sí i, tòkè tilẹ̀, bí bàbá mi ṣe máa ń pè é gan-an. Ó ti wá ẹnì kan bi. Mo dúró síbẹ̀ mo ń sunkún, ẹ̀ṣọ́ ní kí n jọ̀ọ́ kí n fọwọ́ sí i, àkókò ń lọ.

Ọkọ mi ti wà lẹ́yìn géètì kejì láti aago mọ́kànlá, wọ́n ní kò jẹun. Ó wọ aṣọ iṣẹ́, ó ti rù. Ó sáré dé ọ̀dọ̀ wa, ó wá dúró, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè fún mi kí n rí i. Ó ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí, òróró dúdú ẹ́ńjìnnì kò kúrò láàárín èékánná rẹ̀. Ó ní òun kò mọ̀ bóyá òun lè fi í gbé ọmọ. Mo ní ìṣẹ́jú mẹ́jọ la ní, kó má fi ṣe àlàyé ọwọ́. Mo gbé ọmọ lé e lọ́wọ́.

Ọ̀gá kò ké. Ó wo ojú ọkọ mi. Ó wá yíjú wo fóònù tó wà lọ́wọ́ mi, nítorí ibẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ń gbé, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó tún wo ọkùnrin tó gbé e. Ọ̀rọ̀ náà kò yé e. Ó na ìka kan, ó fi tẹ imú ọkùnrin náà gbọingbọin, bó ṣe máa ń tẹ ojú fóònù tó bá fẹ́ kí bàbá rẹ̀ dá a lóhùn.

"Ọ̀gá mi," ọkọ mi ní.

Ọ̀gá tún un tẹ̀. Bàbá rẹ̀ tún dá a lóhùn. Wọ́n ṣe é títí, mi ò kà á. Omi ń bọ́ lójú ọkọ mi, ó ń rẹ́rìn-ín, kò sì jẹ́ nu ojú rẹ̀, torí kò fẹ́ yọ ọwọ́ kan lára ọmọ. Nígbà tí ẹ̀ṣọ́ pè wá, Ọ̀gá ti gbé kọ́là aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ sẹ́nu, ó ń rún un. A ní láti rọra yọ ọ́.

Nínú mọ́tò tó ń gbé wa padà, fóònù dírẹ́bà dún. Akọ̀wé ni, ilé iṣẹ́ onímọ́tò náà ló fún un ní nọ́ńbà rẹ̀. Dírẹ́bà nà án sẹ́yìn sí mi.

"Ìyàwó wa, wọ́n ní ẹ pẹ́ kẹ́ ẹ tó rí mọ́tò. Kí ló ṣẹlẹ̀? Orúkọ mi wà lórí páálí gàdàgbà gàdàgbà. Orúkọ èèyàn ni wọ́n fẹ́, mi ò lè kọ 'Ìyàwó wa' sí i, ni mo bá fi tèmi sí i, kẹ́ ẹ lè tètè dá a mọ̀."

Mo bi í pé ìgbà wo ni orúkọ bàbá rẹ̀ kúrò ní ti bàbá ọkọ mi. Ó ní ọmọ àbúrò Màmá lòun, ọmọ ọdún mẹ́ta lòun nígbà tí wọ́n gba òun tọ́. Ọdún mẹ́fà ni mo ti wà nílé wọn, kò sẹ́ni tó sọ fún mi, torí kò sẹ́ni tó kà á sí ohun tó tó sọ. Mo ti kó èébú jọ fún un láti aago méjìlá. Mo wá wò ó, mi ò rí ọ̀kan sọ. Ọ̀gá ti sùn nínú àga rẹ̀, òróró dúdú díẹ̀ wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Mi ò nù ún.

"Ẹ má bínú," Akọ̀wé ní, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ojú ń tì mí láti bèèrè láti ọjọ́ yìí. Kí lorúkọ yín gan-an?"

"Ẹ bi ẹ̀gbọ́n yín," mo ní. "Òun mọ̀ ọ́n."